Ìṣísẹ̀ Méje Láti Ara Ògiri

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni omi ti ń lọ́ra nínú sínkì ilé ìdáná bàbá mi, wọn ò sì sọ fún mi. Nígbà tí mo fi dé láàárọ̀ Sátidé, omi dúdú ti kún sínkì dé etí, ọ̀rá léfòó lójú rẹ̀, èyí tó sì rí ọ̀nà wọlé ń ru jáde nílẹ̀ balùwẹ̀. Bàbá mi tó fi ogójì ọdún ṣe púlọ́ńbà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onípáìpù, ń fi ife gbọ́n omi sínú garawa, wọ́n sì ń yọ́ ọ dà síta lójú fèrèsé bí ẹni tó jalè.

"Agùntáṣọọ́lò, o ti dé," ni wọ́n wí, wọn ò wojú mi.

Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe mí lẹ́fẹ̀ẹ́ láti kékeré nìyẹn, nítorí pé kò sí ṣòkòtò tó ń dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ bínú. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìbínú mi kì í jìnnà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wúkọ́ nínú pálọ̀, ni mo bá mọ ìdí tí Bàbá fi ń fi ẹ̀fẹ̀ bo ọ̀rọ̀ sínkì náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kàn wá kí Bàbá ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ta ní ń gbé àpótí aṣọ ńlá tó ṣófo wá kí bàbá ẹ̀? Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, Bàbá nìkan ló ń gbé ilé yìí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n gbàgbé ẹ̀, àfìgbà tí ìdí kẹ́tùlù jó tán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi orúkọ ìyá mi pè mí. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo sì ti kábàámọ̀ rẹ̀ kí n tó pa fóònù. Ó ní orí Bàbá ti ń lọ, pé òun á mú wọn lọ sọ́dọ̀ òun, ká ti ilé náà pa. Ilé tí Bàbá fọwọ́ ara wọn kọ́! Ó dá mi lójú pé bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, wọn ò ní pẹ́ láyé.

"Ẹ jẹ́ ká pe púlọ́ńbà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bàbá wò ó títí. "Kí wá ni èmi? Káfíńtà?"

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A gbọ́n sínkì gbẹ. Mo tú ọrùn páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá wá ki wáyà gígùn wọn bọ inú páìpù tó wọ ara ògiri, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó wọlé, ó wọlé, ó dúró. Wọ́n fà á jáde. Ẹrẹ̀ dúdú bíńtín ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ibi tí páìpù ibí ti pàdé ti balùwẹ̀ ló há sí," ni wọ́n wí. "Wáyà ò lè gba kọ̀rọ̀ yẹn. Ojú páìpù la máa ṣí."

Ojú páìpù ni ihò onígun mẹ́rin tí púlọ́ńbà máa ń fi sílẹ̀ lọ́nà páìpù, tí á fi ìdérí irin bò, kí ọwọ́ lè ráàyè wọlé lọ́jọ́ ìṣòro. Tiwa wà lábẹ́ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ìyá wa ní ìdérí náà ń gbé òun ṣubú, ló bá ní kí wọ́n tẹ́ táìlì bò ó. Àwọn oníṣẹ́ da símẹ́ńtì lé e nípọn débi pé ibi gbogbo ló ń dún bákan náà téèyàn bá fi òòlù kàn án.

"Níbo ló wà gan-an, Bàbá?"

Bàbá fi ìka kan iwájú orí wọn. "Ó wà níbí."

Òótọ́ ni. Wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀, wọn kì í lo téèpù. Gbogbo páìpù tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, ìṣísẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, orí ni wọ́n kó o sí. Wọ́n máa ń sọ pé téèpù a máa sọnù, ẹsẹ̀ kì í sọnù.

Wọ́n kẹ̀yìn sí ògiri ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, gìgísẹ̀ kan ògiri, wọ́n sì rìn. Ìṣísẹ̀ méje. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì sílẹ̀.

"Gbẹ́ ẹ níbí."

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé òòlù. Táìlì fọ́, símẹ́ńtì fọ́, eruku funfun bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. A gbẹ́ ẹ títí kòtò náà fi mu ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Iyanrìn gbígbẹ ni.

"Mo yà díẹ̀ ni," ni Bàbá wí. Wọ́n padà sára ògiri, wọ́n tún un rìn nínú eruku náà, wọ́n rọra na ìṣísẹ̀ ìkẹyìn, wọ́n sì fa àmì kejì níwájú kòtò àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tún gbẹ́ ẹ. Iyanrìn náà ni. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àmọ́ èmi ò rí ẹwà kankan nínú kòtò méjì.

"Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà téèyàn ń bá ọmọ ìkókó sọ̀rọ̀, "ṣé ó dá yín lójú pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni?"

Ká ní ó pariwo ni, mi ò ní bínú tó bẹ́ẹ̀.

"Méje ni." Bàbá tún wo ògiri. "Méje ni... àbí?"

"Àbí" yẹn ló já mi láyà. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí lórí ọ̀rọ̀ páìpù.

Wọ́n jókòó sórí garawa tó dojú délẹ̀. "Ọmọ mi, gbé àpótí yẹn wá," ni wọ́n wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹni tí ò mọ ibi tó fi ojú páìpù ilé ara ẹ̀ sí, kí ló ń jókòó ṣe nínú ilé náà?"

Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi: inú rẹ̀ ò dùn. Ó di òòlù mú, kò lè gbé ojú sókè.

Èmi lọ wá ìgbálẹ̀, torí pé mi ò lè sunkún lójú èèyàn. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo rí ipasẹ̀ Bàbá nínú eruku. Mo dúró. Láàárín gìgísẹ̀ iwájú àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, ọwọ́ mi kan péré ló gba ibẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Bàbá bá ń rìn, sísá ni mo máa ń sá kí n tó lè bá wọn dọ́gba. Lára wọn ni mo ti jogún ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe mí lẹ́fẹ̀ẹ́.

Mo ju ìgbálẹ̀ nù. Mo bọ́ bàtà. Mo kẹ̀yìn sí ògiri, gìgísẹ̀ mi kàn án.

"Kí lò ń ṣe?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ kí n kà."

Mo rìn bí Bàbá ṣe ń rìn nígbà náà, mi ò sáré, mi ò yan. Ìṣísẹ̀ karùn-ún mi ti ré kòtò méjèèjì kọjá. Ìkeje parí sí iwájú yàrá tí a ń kó ẹrù sí.

"Ẹ gbẹ́ ẹ níbí."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo Bàbá. Bàbá ti dìde lórí garawa. Ẹ̀gbọ́n mi gbé òòlù sókè. Nígbà tó lù ú lẹ́ẹ̀kẹrin, símẹ́ńtì là, nígbà tó sì tún lù ú, irin ló dáhùn.

A fi ọwọ́ wa kó àfọ́kù kúrò, a gbé ìdérí tó ti dípẹtà sókè. Bàbá ní kí n di apá àwọn mú, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ ọ́ dé ìgúnpá. Mo rí i lójú wọn pé ìka wọn ti mọ ibi tó ń lọ. Ìdì kan ni wọ́n fà jáde, ọ̀rá tó ti dì bí ọṣẹ, pẹ̀lú irun, pẹ̀lú àkísà kànǹkàn, ṣíbí kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀. Nínú balùwẹ̀, omi ké gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀, ó sì lọ.

Bàbá ò dúró wò ó. Pẹ̀lú ẹrẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n padà sára ògiri, wọ́n rìn wá bá wa, wọ́n ń kà á síta. Ó di mọ́kànlá kí wọ́n tó dé ibi tí a wà.

"Méje mi ti di mọ́kànlá," ni wọ́n wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì parí bí ẹ̀rín. "Orí mi wà níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ló ń purọ́ fún mi."

Ìgbà náà ni mo sunkún, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò mí.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó gbé àpótí òfìfo náà, ó lọ jù ú sí búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó dojú kọ mí. "Kẹ́tùlù ńkọ́?"

"Irú èyí tó máa ń súfèé tómi bá hó wà lọ́jà."

"Èmi ni màá rà á."

Bàbá ti ń tú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná. Pẹ́ńsù ni wọ́n ń wá, àwọn tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn: *Ojú páìpù. Ẹsẹ̀ ọmọ mi obìnrin, méje. Ẹsẹ̀ tèmi, mọ́kànlá.* Wọ́n wá fa ìlà mẹ́rin sísàlẹ̀ rẹ̀, wọn ò kọ nǹkan sórí wọn.

"Bàbá, ti kí ni ìyẹn?"

"Ti àwọn ọdún tó ń bọ̀, tí ìṣísẹ̀ mi bá tún kúrú sí i," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi sínkì, wọ́n lọ fọwọ́.