Àfòpiná Tí Dókítà Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ̀

"Ẹ rọra, Dókítà! Ìdí ẹ̀ ti já!"

Kí Nidia tó pa ẹnu dé, ìdí àfòpiná gbígbẹ kejì náà ti já bọ́ sórí tábìlì. Kòkòrò tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, Dókítà Quirce dì í mú bí ẹni ń fa gbágùúdá tu. Nidia yínmú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń sin wọ́n nínú igbó Guanacaste, láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń jẹ ewé títí wọn yóò fi yọ ìyẹ́. Dókítà onímọ̀ kòkòrò yìí kò tíì lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, ó ti fẹ́ fún ọ̀kan lórúkọ bí irú tuntun.

Ó mú ìdí kan, ó kán gọ́ọ̀mù sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara èyí tó wù ú.

"Ti èkejì lẹ mú yẹn," ni Nidia wí. "Èyí jẹ ewé gúáfà dàgbà, ìyẹn jẹ ìtàkùn. Irú kan náà kọ́ ni wọ́n. Ìdí la sì fi ń dá wọn mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀."

Ọmọ tí Nidia lè bí ni dókítà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwé mẹ́fà lo kà, ìwọ obìnrin yìí. Ta ló fẹ́ máa yẹ ìdí kòkòrò wò? Kọ bébà tó máa wà lábẹ́ ẹ̀, kó o fọwọ́ sí i pé ìwọ lo sìn ín. Àbí o ò fẹ́ kí n buwọ́ lu iṣẹ́ ẹ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Iṣẹ́ yẹn ni Nidia fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó fọ́jú. Ó wo dókítà, ó rí gọ́ọ̀mù tó gan mọ́ ọn nírùngbọ̀n. Àánú fẹ́ ṣe é, ẹ̀gàn borí àánú.

Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sára bébà tí kò ju èékánná lọ: "Orí, ti ajẹgúáfà. Ìdí, ti ajẹ̀tàkùn. Quirce ló lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nidia Umaña rí i." Ó fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ abẹ́ kòkòrò náà, ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́. Kà á."

Dókítà gbórí sókè. "Ẹ" nìkan ló ti ń gbọ́ lẹ́nu obìnrin yìí látọjọ́ tó ti dé. Nígbà tó kà á tán, ojú rẹ̀ pọ́n. "Yọ ọ́ kúrò!"

"Fúnra ẹ ni kó o yọ ọ́. Fọ́tò ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ."

Nidia bọ́ síta lọ já ewé. Àwọn kòkòrò rẹ̀ kò tíì jẹun àárọ̀.