Fèrèsé Tí Wọ́n Kàn Pa

Eladio ṣì wà láyé lọ́jọ́ tí wọ́n kan fèrèsé náà pa. Ìyá Provi ìyàwó rẹ̀ náà ṣì wà láyé, ilé wọn ní ìlú Loíza sì ṣì ní òrùlé lórí. Inú oṣù tí eruku aṣálẹ̀ máa ń sọdá òkun wá bá wọn níbi iṣẹ́ ní àdúgbò Santurce ni, tí ojú ọ̀run á funfun bí ojú afọ́jú.

Eladio ń tẹ àwòrán lọ́wọ́. Ó ti da ọ̀dà búlúù sórí aṣọ sílíìkì tí wọ́n fà gan-an mọ́ férémù, ó ń fi pátákó onírọ́bà wọ́ ọ bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ọ̀dà náà sì ń sẹ́ gba inú aṣọ bọ́ sórí ìwé nísàlẹ̀. Àfi bí òòyì ṣe kọ́ ọ, tó di tábìlì mú. Provi, tó ń fi tínà olóòórùn líle bó ọ̀dà kúrò lára férémù mìíràn, sáré ṣí fèrèsé.

"Mí, Eladio. Mí dáadáa."

Eladio mí. Eruku náà sì wọlé.

Don Gumersindo ló ni ilé iṣẹ́ náà, òun náà ló ń ya àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀. Nígbà tó dé, ó gbé awò sójú, ó wo àwọn ẹ̀dà tí wọ́n sá. Eruku wúńtìnwúńtìn ti lẹ̀ mọ́ ojú òkun búlúù. Ó fà wọ́n ya níṣojú wọn.

"Ẹni tó ń kó àwòrán jọ kì í ra erùpẹ̀," ló wí, ló bá lọ mú òòlù àti ìṣó.

Kò pẹ́ tí Eladio fi kú. Ikọ́ ló gbé e lọ. Ìjì ńlá wá ṣí òrùlé ilé Loíza, ó gbé e sọnù sínú irà, ìyá Provi ò sì la òjò tó tẹ̀ lé e já. Don ní kí Provi wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, kó máa ṣe iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló yìn ín. Provi náà kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti dúrọ́ọ̀mù tínà.

Chago, àgbà òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ ń tẹ̀wé, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyàwó wa, o ti ń rùn bíi mọ́tò. Tí mo bá ṣáná sí ọ, ìlú Ponce lọ́hùn-ún lo máa bá ara ẹ."

"Ṣá a wò, kí n mú ẹ dání lọ!"

Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ kó tó di ikọ́.

Nígbà tí ikọ́ náà ò jẹ́ kí Provi sùn mọ́, ó lọ bá Don.

"Ẹ jọ̀ọ́, Don, ẹ bá wa tú fèrèsé yẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ náà ni."

"Ta ló dè ọ́ mọ́lẹ̀, Provi? Ṣé ilẹ̀kùn ò ṣí ni?"

"Ó ṣí. Ibo ló já sí fún mi?"

Don ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká parí èyí tá à ń tẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ tá a bá ya aṣọ férémù ẹ̀ ni mo máa yọ ìṣó."

Lójú Provi, ìlérí tó dúró ni. Nínú iṣẹ́ yẹn, bí iye ẹ̀dà tí wọ́n sọ fún àwọn oníbàárà bá ti pé, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ya aṣọ férémù ní àmì àgbélébùú, kí ẹnikẹ́ni má baà tún tẹ òmíràn jáde láé. Ohun tó ń jẹ́ kí àwòrán náà níyì nìyẹn. Àwòrán ọ̀hún sì rẹwà: fèrèsé kan tó ṣí sí òkun, tí afẹ́fẹ́ gbé kọ́tìnnì funfun rẹ̀ sókè. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní férémù tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni Provi ń fọ̀ ọ́, tó ń ro ti ìṣó.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀bẹ wá. Doña Mirta, olówó tó máa ń ra àwòrán Don, ti wà ní yàrá iwájú, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ó dúró níwájú àwòrán náà, ó pa ojú dé.

"Gumersindo, ọwọ́ ẹ mà dára o! Ó ń ṣe mí bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lára. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á jowú pa mí. Ṣé o ò lè ṣe irú ẹ̀ fún wọn, kó jẹ́ àwọ̀ ìrọ̀lẹ́?"

Don padà wọlé, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Provi, ó tì í bọ àpò.

"A ò tíì ní ya á. Àwọ̀ ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ fọ̀ wọ́n mọ́, ká bẹ̀rẹ̀ pupa."

"Don, ìṣó wa ńkọ́?"

"Ṣé mo ní mi ò ní yọ ọ́ ni?"

Chago kó àwọn férémù lọ sídìí agbada. Provi gbé agolo tínà.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi àwòrán pupa náà han àwọn àlejò, ẹ̀gbẹ́ agbada tí wọ́n ti ń fọ férémù ni Chago ti bá Provi, ó nà gbalaja, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Chago mì í, ó pè é ní ìyàwó wa, ìyàwó wa. Kò fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ara Provi ti tutù.

Don dé ẹnu ọ̀nà, ó fi áńkáṣífù bo imú.

"Òòlù dà? Ẹ wá òòlù fún mi! Kí òórùn yìí jáde kí àlejò tó dé!"

Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ìṣó náà. Kò tilẹ̀ le; ó ti dípẹtà. Fèrèsé ké, ó ṣí. Atẹ́gùn òkun wọlé, ó kọjá lórí àwọn àwòrán tí wọ́n sá, ó gbé irun iwájú orí Provi sókè díẹ̀, ó sì tún rọra gbé e padà sílẹ̀.