Àyè Àgbọ̀nrín

Ogún búrẹ́dì ló ti jóná kí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó rántí pé iwájú ààrò lòun dúró sí. Èéfín ti gba gbogbo ilé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, òun sì dúró síbẹ̀, ó di ìwé pélébé kan mú, ó ń ka ìlà kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ nígbà kẹrin.

“Nítorí pé àyè ò tó mọ́, a ó dí àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì nínú fọ́tò ọdún yìí.”

Akọ̀wé ìlú ló fọwọ́ sí i. Akọ̀wé tuntun ni, kò tíì pé ọdún kan tó gun òkè wá, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìwé kíkọ ju ti gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

“Mọ́mì, búrẹ́dì!” Ọmọ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ààrò, ó ń fi aṣọ lé èéfín kúrò lójú. “Kí ló wà nínú ìwé yẹn?”

“Wọ́n fẹ́ dí àyè ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa búrẹ́dì tó jóná sínú agbọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n ṣì wúlò.

Àbúrò ni gbogbo ìlú ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń pè é láti kékeré nìyẹn, nítorí pé ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ló gba gbogbo ariwo. Ẹni náà ni Àgbọ̀nrín, tó borí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra nínú eré gígun òkè, tó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ ilé búrẹ́dì. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló sọ̀ kalẹ̀ lọ wá iṣẹ́, pẹ̀lú àpò kan àti búrẹ́dì mẹ́fà. Ó máa ń pè lórí fóònù. “Mọ́mì, ọdún yìí ni,” ló máa ń wí. Ọdún á kọjá, á tún pè: “Mọ́mì, ọdún tó ń bọ̀ yìí, kò ní yẹ̀.” Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pè kẹ́yìn, ó ní ọkọ̀ ọ̀sán ọjọ́ fọ́tò lòun máa bá dé. Ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́, bó ṣe ń gbà á gbọ́ ní gbogbo ìgbà. Kí ni kó ṣe? Òun ló bí i.

Ìlú orí òkè yẹn kéré. Bí èèyàn bá sín lápá òkè, ará ìsàlẹ̀ á kí i pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n fi ju àwọn ìlú ńlá lọ ò ju ọjọ́ ayẹyẹ lọ: ọjọ́ òdòdó nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ ńlẹ̀, ọjọ́ eré gígun òkè, ọjọ́ akọrin tí wọ́n á fi gbogbo ọdún jiyàn lórí ẹni tó mọ orin kọ jù. Ọjọ́ fọ́tò ló máa ń kẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ìlú á tò sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngán ìlú, Bàbá Fọ́tò á yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ibi tí o bá dúró sí lọ́dún tó kọjá ni wàá dúró sí lọ́dún yìí, nítorí Bàbá Fọ́tò ní ìwé ńlá kan tó kọ ipò oníkálukú sí. Bí ẹnì kan bá kú, wọ́n á sún pọ̀ láti dí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìrìn àjò ló lọ, wọn kì í dí i. Bàbá Fọ́tò á fi pẹ́ńsù kọ “Ó ń bọ̀” síbẹ̀, wọ́n á sì fi àyè tó gba èjìká èèyàn sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá dí àyè ẹni tó wà láàyè, kí ni wọ́n ń sọ?

Ohun tó ń dun Ìyá Oníbúrẹ́dì gan-an nìyẹn. Ó tú aṣọ iṣẹ́ tó so mọ́ ìdí, ó fi í sórí tábìlì.

“Mò ń lọ bá Bàbá Fọ́tò.”

“Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

“Ta ló máa dúró ti ààrò? Dúró, jàre.”

Àbúrò dúró. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa dúró.

Ojú ọ̀nà olókùúta tó lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú ti kún. Àwọn kan ń da omi sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngán, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́. “Ẹ kú ọjọ́ òní o, Ìyá!” ni wọ́n ń wí, òun náà ń dá wọn lóhùn, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wọn. Ó ń ro ohun tó máa sọ. Nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Fọ́tò, ó ti bá Akọ̀wé jà nínú ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì borí lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá Fọ́tò ń nu ojú kámẹ́rà. Ó gba ìwé náà, ó kà á, kò yà á lẹ́nu.

“Mo mọ̀ sí i. Èmi ni mo fún un ní fọ́tò èṣí kó fi wo ibi tí àyè wà.”

“Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ̀yin tí mo fi ṣe ẹni mi?”

“Ẹ jókòó ná.”

“Mi ò jókòó. Ọmọ mi ń bọ̀ lónìí. Ṣé kó wá bá àyè rẹ̀ ní dídí ni? Ṣé kó wá dúró sí títì kó máa wò wá bí àlejò?”

Bàbá Fọ́tò kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó kó fọ́tò mẹ́sàn-án jáde, ó sì tẹ́ wọn sórí tábìlì ní ìtòtẹ̀lé.

“Ẹ wá wò ó. Ọdún tí Àgbọ̀nrín lọ gan-an nìyí.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ̀ síwájú. Ó rí ara rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kejì, irun rẹ̀ ò tíì funfun. Lápá òsì rẹ̀ ni Àbúrò wà, èjìká wọn kan ara wọn. Lápá ọ̀tún rẹ̀ ni àyè ńlá wà, lẹ́yìn àyè náà ló kan Oníkẹ́mísì àti ikùn rẹ̀. Inú rẹ̀ rọ̀.

“Àyè rẹ̀ nìyí.”

“Òun náà ni. Ẹ máa wò ó lọ.”

Nínú fọ́tò kẹta, àyè náà ti kéré. Nínú ìkarùn-ún, ọwọ́ lásán ló lè kọjá níbẹ̀.

“Ẹ wo ọkùnrin yìí! Ikùn Oníkẹ́mísì ló ń jẹ àyè ọmọ mi!”

“Ẹ fi Oníkẹ́mísì sílẹ̀. Ẹ wo òpó tó wà lẹ́yìn rẹ̀.”

Ó wò ó. Òpó kan náà ló wà lẹ́yìn orí Oníkẹ́mísì nínú gbogbo fọ́tò náà. Ọkùnrin náà ò tíì sún láti ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló ń sún. Ní ọdọọdún, bí Bàbá Fọ́tò bá ti ní kí wọ́n má mì, ó máa ń ṣe é bíi pé Àgbọ̀nrín wà níbẹ̀, pé bí òun bá fara tì í díẹ̀, òun á kan ọwọ́ rẹ̀. Nínú fọ́tò èṣí, òun àti Oníkẹ́mísì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Kò sí àyè kankan níbẹ̀ mọ́.

Apá kejì ni àyè wà. Ó fẹ̀ débi pé ilẹ̀kùn gbọ̀ngán hàn gbangba láàárín rẹ̀, tòun ti ọwọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn àyè yẹn ni Àbúrò dá dúró sí. Gbogbo ìlú ń wo kámẹ́rà. Àbúrò ń wo ìyá rẹ̀.

“Ọdọọdún ni mo máa ń ní kí ẹ sún padà,” ni Bàbá Fọ́tò wí. “Ẹ ó ní ẹ ti sún.” Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn inú fọ́tò náà. “Akọ̀wé ò mọ ìtàn wa. Àyè tó rí ló ní ká dí. Èyí ló rí.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì padà sórí fọ́tò kẹfà, ó wo ìkeje, ó wo ìkẹjọ, bóyá ó máa rí ọdún kan tí Àbúrò gbójú sókè wo iwájú. Kò rí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ yìí fi ń po ìyẹ̀fun pẹ̀lú òun láràárọ̀, ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n jọ ń jẹun lórí tábìlì kan. Ojú tì í. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fọ́tò tó kẹ́yìn, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo ìlú ti tò sórí àtẹ̀gùn. Akọ̀wé ń lọ ó ń bọ̀ pẹ̀lú fọ́tò èṣí lọ́wọ́, òógùn bò ó. Lóòótọ́ ni àyè ò tó. Lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyàwó tuntun ọmọ Oníkẹ́mísì fi ẹsẹ̀ kan dúró, èkejì wà nínú gọ́tà. Àbúrò ló dé kẹ́yìn, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó lọ síbi tó máa ń dúró sí.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oníkẹ́mísì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó rìn títí èjìká rẹ̀ fi kan ti ọmọ rẹ̀.

Àbúrò wò ó. “Mọ́mì, kí ló dé?”

“Kò sí. Ipò mi nìyí.”

Àyè Àgbọ̀nrín là sílẹ̀ gbayawu lápá ọ̀tún rẹ̀, bó ṣe rí lọ́dún tí ọmọ náà lọ. Akọ̀wé wo fọ́tò, ó wo àtẹ̀gùn, ó tún wo fọ́tò. “Èyí kọ́ ni mo rí o!” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Fọ́tò ṣí ìwé ńlá rẹ̀.

“‘Ó ń bọ̀’ ló wà níbí,” ló wí, ó sì gbójú sókè wo Ìyá Oníbúrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Láti orí àtẹ̀gùn yẹn, èèyàn lè rí ojú ọ̀nà títí dé kọ̀rọ̀ òkè. Ìyá Oníbúrẹ́dì wo ọ̀nà náà. Kò sí ọkọ̀. Àárò ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ débi pé àyà rẹ̀ ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ló wo ìsàlẹ̀, níbi tí ìyàwó tuntun ti ń wá bí kò ṣe ní ṣubú.

“Ìyàwó,” ló pè é, “gòkè wá, ọmọ mi. Wá dúró síbí.”

Ìyàwó náà gòkè, ó ń kúnlẹ̀ ó ń dìde, ó wọ àárín Ìyá Oníbúrẹ́dì àti Oníkẹ́mísì. Àyè náà dí.

“Mọ́mì.” Àbúrò ló sọ̀rọ̀. “Tí Ẹ̀gbọ́n mi bá wá dé ńkọ́?”

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. Ojú ọ̀nà ni Àbúrò ń wò, omi ti lé sí i lójú. Ọdún mẹ́sàn-án nìyá rẹ̀ fi rò pé òun nìkan ni àárò ń sọ nínú ilé yẹn.

“Á dúró lẹ́yìn wa,” ló wí. “Ó kúkú ga.”

Àbúrò fi imú rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun sì tún ràn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bàbá Fọ́tò mú pẹ́ńsù, ó kọ ipò tuntun yẹn sínú ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kámẹ́rà.

“Ẹ má mì o!”

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ ọ̀sán fun fèrè ní kọ̀rọ̀ òkè. Ọkàn Ìyá Oníbúrẹ́dì fò sókè. Ó mọ èjìká Àbúrò lára èjìká tirẹ̀, ó tún fara tì í, ó sì wo kámẹ́rà.