Ojú Ìwé Ìdúpẹ́ Aláwọ̀ Ìyeyè

Tí ẹ bá bi Ọ̀jọ̀gbọ́n bóyá òjò máa rọ̀, “Bóyá” náà ni yóò fi dá yín lóhùn, kódà kí omi ti máa kán tótó láti etí fìlà rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ní Bàbá Bóyá tó bá ti kọjá. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú ló ti ń kọ́ni pé ohun tó ba ìmọ̀ ọrọ̀ ajé jẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ròyìn ọ̀la bí ẹni pé wọ́n ti sùn níbẹ̀ rí.

“Dáìsì lúdò, ojú mẹ́fà ló ní,” á wí bẹ́ẹ̀, á ti gíláàsì rẹ̀ sókè imú. “Ẹ lè ṣírò ìyẹn. Ojú mélòó ni ọ̀la ní? Ta ló bá wa kà á?”

Nítorí náà ló ṣe ní òfin kan tí kò sí lọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn. Kò ní fọwọ́ sí ìwé ìwádìí kankan àfi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi máákà kun gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀: àwọ̀ ewé fún ohun tí ẹ̀rí wà fún, ìyeyè fún ohun tí a kàn rò, pupa fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. Àwọn kan ti torí máákà sá lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ọ̀kan wà tí kò sá. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ti lọ jókòó ti àwọn ògbóǹkangí ọ́fíìsì ìṣúná tó ń sọ iye tí búrẹ́dì yóò jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń rí i. Ohun tó rí níbẹ̀ ló fi kọ ìwé ìwádìí tirẹ̀: kálukú wọn á panu mọ́ títí ẹnì kan á fi la ẹnu, àwọn yòókù á wá rìn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ṣìnà, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ṣìnà, kò sì ní sí ẹni tí wọ́n á nàka sí.

Ilé ẹ̀kọ́ ti fi iṣẹ́ olùkọ́ kan pa mọ́ dè é. Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tirẹ̀ ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ìwé náà, inú rẹ̀ ń dùn. Níbi tó bá ti rí pupa, á mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Àfi ìgbà tó dé ojú ìwé ìdúpẹ́. Ọmọbìnrin náà ti kun ibẹ̀ pẹ̀lú. Gbólóhùn tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bọ́ ọ jẹ́ àwọ̀ ewé. Èyí tó tẹ̀ lé e ni: “Ọ̀jọ̀gbọ́n mi mọ iṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.” Ìyeyè ló fi kun ìyẹn.

“Kí lèyí?”

“Ìdúpẹ́ ni, sà.”

“Ṣé mo ní ìkíni òkú ni? Àwọ̀ yìí ni mò ń bi ọ́.”

“Yẹ́lò ni, sà. Mo rò bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní ẹ̀rí. Mi ò tíì pàdé gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láyé.”

“O rò bẹ́ẹ̀.” Ó pa ìwé dé. “Lọ tún un kùn. Tó bá ti di àwọ̀ ewé, kó o gbé e wá.”

“Tí mo bá yọ ọ́ kúrò ńkọ́, sà?”

“Yọ ọ́! Kó o sì yọ mí kúrò nídìí iṣẹ́ náà pẹ̀lú.”

Nígbà tí ọmọbìnrin náà délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

“Ìwọ náà, ta ló rán ọ níṣẹ́?” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ṣé wọ́n máa ń kun ìdúpẹ́ ni?”

“Wọ́n ní gbogbo gbólóhùn, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mú máákà jàre, kó o sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Tí mo bá fẹ́ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, tí mo ní kò ní dùn ún, ṣé ẹ̀rí wà lápò mi ni?”

“Ẹ̀yin ò kun tiyín.”

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, omi ta sílẹ̀.

“Tí mo bá torí ọ̀gá yí àwọ̀ padà,” ni àbúrò wí, “ohun táwọn ará ọ́fíìsì ìṣúná ń ṣe gan-an nìyẹn. Kí ni mo wá ń kọ̀wé nípa wọn fún?”

“Ó dáa, olóòótọ́. Tí iṣẹ́ bá lọ, wá máa bá mi fọ aṣọ nọ́ọ̀sì.”

Nígbà tó padà lọ, ìwé rẹ̀ kò tíì yí padà. Màmá Akọ̀wé, ìyá àgbà tó ń tẹ̀wé fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Rọra o, ọmọ mi. Láti àárọ̀ ló ti ń kó ìwé kalẹ̀. Ó ní ẹ̀rí lòun ń wá.”

Lóòótọ́, gbogbo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ láyé rẹ̀ ló wà lórí tábìlì, ó ga débi pé irun rẹ̀ nìkan ló yọ lẹ́yìn wọn.

“Ta ló kọ èyí?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Èyí ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

“Kí ni ìyẹn fi hàn?”

“Pé ẹ ti kọ̀wé púpọ̀, sà. Ẹ̀rí wà fún ìyẹn.”

Ikọ́ gbé Màmá Akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà, ikọ́ tó jọ ẹ̀rín. Ọ̀jọ̀gbọ́n fò dìde.

“Mo ní èmi ni mo mọ iṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ!”

Ọmọbìnrin náà wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó rí nǹkan tó já bọ́ níbẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un sọ.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé ó ti gbà. Ó tún un sọ, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọdé kọ.

“Màmá Akọ̀wé, ṣé ẹ gbọ́?”

“Àwọn tó wà lójú títì gan-an gbọ́.”

Ọmọbìnrin náà jókòó sí igun tábìlì, ó fa gbólóhùn àtijọ́ yọ, ó kọ òmíràn, ó kùn ún, ó sì tì í sí iwájú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rí àwọ̀ ewé. Ojú rẹ̀ kò kọjá àwọ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe ọmọbìnrin náà síwájú ìgbìmọ̀, obìnrin kan ti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi í ní ìbéèrè púpọ̀ nípa búrẹ́dì. Níbi tó yẹ kí ọmọbìnrin náà ní “A ò mọ̀,” ó ní “A ò mọ̀,” ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Olùyẹ̀wò náà wá ṣí ojú ìwé ìdúpẹ́, ó kà á sókè:

“‘Ọ̀jọ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, níwájú akọ̀wé rẹ̀, pé òun mọ iṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.’ Àwọ̀ ewé.” Ó yíjú. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀?”

Tí ọ̀gá bá ní òun kò sọ ọ́, àwọ̀ ọ̀hún di irọ́, iṣẹ́ olùkọ́ náà sì ti lọ nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìwé. Ó wo òrùlé. Ó wú ikọ́.

“Mo sọ ọ́.”

“Ẹ ṣeun,” ni olùyẹ̀wò wí. “Nínú gbogbo ìwé yìí, gbólóhùn yìí nìkan ni mi ò rí ibi tí mo ti lè bá a jiyàn.”

Ọmọbìnrin náà yege, iṣẹ́ sì di tirẹ̀. Nígbà tó jáde láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ yòókù, tó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, tó sì ń ròyìn fún wọn pé olùyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ òun wò fínnífínní, kò sì rí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀.