Dò Tó Ṣáko Lọ

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀dà funfun yẹn sílẹ̀!"

Ọ̀gá iléèwé ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ayàwòrán wà lórí àkàbà, ó ti ki búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ bọ inú korobá, ọ̀dà funfun sì ń kán tó-tó-tó sórí ìwé ìròyìn tó tẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ya àwòrán sára ògiri yàrá ìkàwé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún ní funfun padà. Ìkẹrin ló wà lára ògiri báyìí. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ti lù, aago mẹ́rin ni wọ́n sì máa ṣí yàrá náà fáwọn ọmọ iléèwé.

"Mà, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lókè yẹn," ni ayàwòrán wí.

"Ìwà lẹwà," ni ọ̀gá kà. "Kí ló ṣe é?"

"Ẹ tún un kà dáadáa."

Ọ̀gá sún mọ́ ògiri, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè imú. "Ìwà lẹ̀... Háà!" Ó fọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́ sóde. "Ìwà ti di ẹ̀wà! Ẹ̀wà tí à ń sè jẹ!"

Sísín ló fà á. Ayàwòrán ń fa ìlà ìkẹyìn lọ́wọ́ nígbà tí imú ń rìn ín, ó sín lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀dà dúdú sì fò kúrò lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, ó bà lé orí lẹ́tà ẹ, ó dà gẹ̀rẹ̀ sápá ọ̀tún. Ká ní èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi dò síbẹ̀ ni, kò lè gún régé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run tẹ́ ẹ fi kun ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn pa á rẹ́. Ṣebí kékeré ni."

"Ó ti tán, mà. Ọwọ́ ni mo fi pò ó. Tí mo bá pò òmíràn, àwọ̀ wọn ò ní bára mu, á wá hàn bí àbùlẹ̀ ìdí ṣòkòtò."

"Ta ló máa jókòó tì í tá máa wò ó fínnífínní bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi."

Ọ̀gá mọ Bàbá dáadáa. Bàbá yìí ló kọ́ òun náà ní ìwé mẹ́fà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní Yorùbá níléèwé náà, Tíṣà Àmì sì ni gbogbo ọmọ ń pè é lẹ́yìn, torí pé dò kan tó o bá gbàgbé, máàkì kan lọ; mí kan tó o bá fi síbi tí kò yẹ, máàkì mìíràn lọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ yàrá ìkàwé náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sára ògiri.

Ayàwòrán náà ní orúkọ ìnagijẹ tirẹ̀. Àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un ń pè é ní Àǹtí Ó-ku-díẹ̀. Béèrè iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí, ó ku díẹ̀. Padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ó ṣì ku díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ọwọ́ rẹ̀ dáa kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe é ni pé bí iṣẹ́ bá ti fẹ́ parí báyìí, àbùkù ibẹ̀ nìkan lojú rẹ̀ máa ń rí, yóò sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Lóṣù méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá rẹ̀ lápá ọ̀tún, bàbá dì í lọ́wọ́ mú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọmọ mi, látìgbà tó o ti ń ya àwòrán, n ò tíì fojú mi rí ẹyọ kan tó parí. Jẹ́ n rí ọ̀kan kí n tó lọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

"Mo ń lọ gbé Bàbá wá," ni ọ̀gá wí níkẹyìn. "Tí mo bá dé tí ògiri yìí bá funfun, Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o, màá ní kí wọ́n lẹ bébà olódòdó mọ́ ọn. N ò lè kó àlejò wá wo ògiri lásán."

Nígbà tó ku ayàwòrán nìkan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣí páànù tó ń kó búrọ́ọ̀ṣì sí. Ní ìsàlẹ̀ páànù náà, nínú ọ̀rá, ni bébà pélébé kan wà tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bébà náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó jókòó síbẹ̀, ó ya bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Torí pé ìsàlẹ̀ ló ti ń wò ó, bàtà bàbá tóbi bí ọkọ̀ ojú omi, orí rẹ̀ sì kéré sókè lọ́hùn-ún. Ó kọ "Ìwà lẹ̀wà" sábẹ́ rẹ̀, ó fi sórí ìwé tí bàbá ń máàkì, ó lọ sùn tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó jí, bàbá ti lọ síbi iṣẹ́. Báírò pupa ló bá lábẹ́ àwòrán náà: "Ẹwà ni, ẹ̀wà kọ́. Ya á fún mi."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá kọ́ wọn ní kíláàsì pé, "Ohun tí wọ́n kọ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ má ka ohun tó wà lọ́kàn yín." Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ó ka ohun tí wọ́n kọ, ó fa àwòrán náà ya bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ibi tí báírò pupa wà nìkan ló fi pa mọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Látọjọ́ náà, ó máa ń ya tirẹ̀ dànù kí ẹlòmíì tó ní kó ya á.

Ó dá bébà náà padà, ó gun àkàbà, ó sì gbé búrọ́ọ̀ṣì funfun lé igun ògiri lápá òkè. Ó ti kùn ún tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì nígbà tí ọ̀pá kan kàn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó, kó, kó.

"Bàbá! Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ dákun, ẹ má tíì wò ó. Ó ku díẹ̀."

"Ó ku díẹ̀ káàtó," ni bàbá bá a parí ẹ̀. "Kúrò níwájú ògiri, jàre."

Ọ̀gá iléèwé fi bàbá jókòó sórí àga, ó sì yára lọ pàdé àwọn àlejò. Bàbá tẹ orí sẹ́yìn. Ó wo ògiri, ó wò ó, ó tún wò ó. Tábìlì ńlá ló wà níbẹ̀, tí wọ́n wò láti ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó tì í pẹ̀lú òkìtì ìwé, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì ń yọjú lábẹ́ tábìlì. Bàtà ọkùnrin náà tóbi bí ọkọ̀ ojú omi.

"Dò kan ti ṣáko lọ sórí ẹwà," ni bàbá wí.

"Mo rí i, sà. Mo fẹ́ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ni."

"Ta ló ní kó o pa nǹkan rẹ́? Mo mọ bàtà yẹn." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "O ti yà á rí, nígbà tó o kéré. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sí yàrá àwọn olùkọ́. Mo ní kó o tún àmì ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, kó o yà á fún mi sórí bébà tó dáa. O ò yà á. Mo ní bóyá ó ti sú ọ ni, n ò sì béèrè mọ́."

Ayàwòrán di àkàbà mú. "Bàbá, ẹ ò ní kí n yà á. Ẹ ní kí n ya á."

"Èmi? Kí n ní kí ọmọ mi fa irú àwòrán yẹn ya? Orí mi ò dàrú o!"

Kò bá a jiyàn. Ó lọ mú bébà pélébé náà jáde nínú ọ̀rá, ó kúnlẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Bàbá gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú. Ó ka àmì ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ibi "Ya á," ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀.

"Kò sí dò níbẹ̀," ni bàbá wí jẹ́jẹ́.

"Kò sí, sà."

"Èmi tí mò ń gba máàkì ọmọ ọlọ́mọ." Omi ti lé sójú rẹ̀. "O sì gbé e kiri ní gbogbo ọdún yìí. Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Dákun, má bínú."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá sì ń fi ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára pa á lórí.

Nígbà tó yá, bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Dò tí mo gbàgbé lọ́jọ́ náà ló rìn títí tó wá bà síbẹ̀ yẹn."

Ó yọ báírò pupa nínú àpò àyà rẹ̀. Ọwọ́ òsì tí kò fi kọ̀wé rí ló fi dì í mú. Ó tẹ báírò lé orí lẹ́tà a, ó fà á wálẹ̀. Ìlà náà wọ́, ó nípọn níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbì kan, àmọ́ dò ni. Bébà náà wá di "Yà á fún mi." Ayàwòrán wò ó, kò sì rí ohun tó fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀.

Aago mẹ́rin lù. Àwọn ọmọ iléèwé wọlé gììrì, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ ló kọ́kọ́ gbójú sókè. "Ìwà... lẹ̀wà! Ẹ̀wà ni wọ́n kọ síbẹ̀!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ní ìkùukùu rèé nígun òkè lọ́hùn-ún, funfun báláú.

Tíṣà Àmì fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ta ló lè sọ ohun tó ṣe é fún mi?"

Ọwọ́ wọn lọ sókè yàà. "Dò wà níbi tí kò yẹ kó wà, sà!"

"Ẹ káre. Títí ẹ ó fi dàgbà, kò sẹ́ni tó máa ṣi ẹwà kọ nínú yín mọ́."

Ọ̀gá iléèwé rọra sún mọ́ ayàwòrán, ó wo korobá ọ̀dà funfun tó ṣì ṣí sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Àǹtí, àwọn àlejò ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé kí n ní kí wọ́n dúró ná, àbí ó ti parí?"

Ẹnu rẹ̀ ti ń mú "ó ku" bọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó wo bàbá rẹ̀ tó di bébà pélébé mú mọ́ orúnkún, ó wo dò tó jókòó sórí ẹwà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí korobá náà dé.

"Ó ti parí, mà," ló wí. "Ẹ ní kí wọ́n máa wọlé."