Ọṣẹ fún Ike Òfìfo

Ohun tí ẹ ti ń fura sí látọjọ́ yìí, òótọ́ ni. Bíróò tí dókítà fi ń kọ oògùn fún yín, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà ló fún un. Aago tó wà lára ògiri lókè orí rẹ̀, àwọn náà ni. Àpò aláwọ tó gbé sórí àga, àti ọjọ́ mẹ́rin tó lò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Abidjan, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di yìnyín, àwọn náà ni. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Dókítà Mùríìdì pàápàá mọ̀ pé ẹ mọ̀, kò sì bìkítà, nítorí ohun kan dá a lójú gan-an: bíróò kan kò lè ra òun.

"Èmi?" ni ó máa ń wí, tí yóò na bíróò náà sókè bí ẹni ń fi ẹ̀rí hàn ní kóòtù. "Bíróò lásán? Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi kàwé o."

Ó tọ̀nà. Bíróò kọ́ ni wọ́n fi rà á. Àtẹ́wọ́ ni.

Oníṣègùn àrùn ọpọlọ ni Mùríìdì, ọmọ bíbí ilẹ̀ Ifangni. Àjàṣẹ́ ló ń gbé, ṣùgbọ́n gbogbo Àlàmísì ló máa ń wá gba àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn wa. Ràfátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń gbé ní Ko-Koumolou. Gàrí tí Ràfátù ń yan ló fi rán an lọ síléèwé, láti orí pátákó dúdú títí dé Dakar. Nígbà tí ọkọ Ràfátù kú, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti inú agbada gàrí. Ọkọ ní kó máa bọ̀, pé òun ń dúró dè é lọ́nà Igolo. Oògùn kékeré funfun kan, ti àtijọ́, tí kò wọ́n rárá, ni Mùríìdì fún un. Oògùn náà máa ń jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gbẹ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa gbọ̀n bó bá di ife mú. Àmọ́ ohùn náà dákẹ́. Ọdún méje ló fi dákẹ́. Ràfátù ń yan gàrí, ó ń bá àwọn oníbàárà ṣaáwọ̀, ó ń fi àbúrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún méje yẹn sọ́kàn.

Honoré wá dé. Délégué ni, ìyẹn ẹni tí ilé-iṣẹ́ olóògùn máa ń rán sí àwọn dókítà láti bá wọn sọ̀rọ̀ dídùn. Bàtà rẹ̀ ń dán, mi ò sì mọ bó ṣe ń ṣe é tí erùpẹ̀ pupa Ifangni kì í fi í bà lé e.

"Docteur," ó ní, "mo ka ohun tẹ́ ẹ sọ ní Cotonou lọ́dún tó kọjá. Mi ò lè sùn."

"Ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ ni mo sọ o."

"Ráńpẹ́? Ẹ máa ń rẹ ara yín sílẹ̀ jù, Docteur! Ẹ wò ó, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ìwádìí. Àwa ò ní ọpọlọ ni? A ní oògùn tuntun kan, pupa. A fẹ́ ṣe étude, ìwádìí kékeré kan, ogójì èèyàn péré, níbí, ní Ifangni. Orúkọ yín ló máa ṣáájú."

"Ṣáájú ti ta?"

"Ṣáájú ti gbogbo èèyàn."

Mùríìdì yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Gíláàsì náà ò dọ̀tí.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Ogójì aláìsàn, láti Lagbé, Tchaada àti Igolo, ni wọ́n gba oògùn funfun lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì fún ní pupa. Kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn aláìsàn ń lò ó, wọ́n ní kí kálukú, ní ìparí oṣù, dá ike pẹlẹbẹ tí oògùn wà nínú rẹ̀ padà ní òfìfo. Ẹni tó bá dá a padà gba ọṣẹ méjì. Madame Fortunée, nọ́ọ̀sì àgbà, ló ń pín ọṣẹ. Lóṣù kejì, ó pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dókítà, ẹ jẹ́ ká máa lọ wò wọ́n nílé, ká rí i bóyá wọ́n ń gbé e mì."

"Madame, ìwádìí là ń ṣe, a kì í ṣe ọlọ́pàá. Ike òfìfo ni ẹ̀rí."

"Ike ò lẹ́nu, Dókítà."

"Voilà! Ìdí nìyẹn tí kì í fi í purọ́."

Inú rẹ̀ dùn sí ìdáhùn yìí débi pé ó fi bíróò náà kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bàa gbàgbé.

Láàárín oṣù mẹ́fà, kò sí ike kan tó sọnù. Àwọn obìnrin méjì tilẹ̀ fa aṣọ ya mọ́ra wọn lọ́rùn ní Tchaada nítorí ike kan. Mùríìdì gbọ́, ó ní ẹ ò rí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn oògùn náà. Nínú ogójì èèyàn, ara mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yá. Ilé-iṣẹ́ olóògùn fi àbọ̀ ìwádìí ránṣẹ́ sí i, wọ́n ti kọ ọ́ tán ní Faransé tó dùn bí oyin, orúkọ rẹ̀ níwájú. Mùríìdì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yí kọ́mà kan padà, ó sì buwọ́ lù ú. Kọ́mà yẹn ni tirẹ̀.

Ní Cotonou, níbi ìpàdé àwọn dókítà, gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ilé-iṣẹ́ olóògùn tẹ kàlẹ́ńdà: Mùríìdì lápá ọ̀tún, Jẹ́láàní lápá òsì. Zémìjàn ni Jẹ́láàní, ọlọ́kadà Igolo, ọ̀kan nínú ogójì náà, tó ti máa ń gun orí páànù ọjà ní ìhòòhò tẹ́lẹ̀ láti bá oòrùn jà. Nínú kàlẹ́ńdà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ọ̀kan, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta epo inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ẹni tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún báyẹn gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Mùríìdì kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn pé kí wọ́n má ra oògùn funfun mọ́, ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Ó sì gbé pupa lọ bá Ràfátù fúnra rẹ̀.

"Kí ni funfun yẹn ṣe fún ọ?" Ràfátù bi í, kò gbójú kúrò lára gàrí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kó máa lo oògùn táwọn èèyàn ti pa tì. Ti ìsinsìnyí nìyí. Èmi ni mo ṣe ìwádìí ẹ̀."

"Ìwọ fúnra ẹ?"

"Èmi fúnra mi. Orúkọ mi ló ṣáájú."

Ràfátù nu ọwọ́, ó gba oògùn náà bí ẹni gba ọmọ tuntun. "Tó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe é, Mùríìdì, màá máa gbé e mì."

Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Lóṣù kìíní, ó ń jẹ ìkòkò oúnjẹ kan tán, ó sì ń sùn lọ sídìí iná. Lóṣù kejì, Faridatou, ọmọ rẹ̀, tẹ Mùríìdì láago.

"Tonton, Màmá ti ń bá agbada sọ̀rọ̀."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní, 'Mò ń bọ̀.'"

Mùríìdì ní oògùn náà ṣì ń mọ́ ọn lára ni. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di méjì lójúmọ́. Lóṣù kẹta, ó ní bóyá obìnrin náà ò lò ó dáadáa. Faridatou kó ike jọ, ó gbé e wá fún un nínú ọ̀rá. Gbogbo ẹ̀ ló ṣófo.

Lóṣù kẹrin, lọ́sàn-án gangan, Ràfátù ru agbọ̀n gàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, ó bọ́ sọ́nà Igolo, ó ń da gàrí náà sórí ọ̀dà, pé kí ilẹ̀ má bàa jó ọkọ òun lẹ́sẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè. Mùríìdì sáré dé, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni."

Ràfátù wò ó látòkè délẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má tẹ gàrí ọkọ mi mọ́lẹ̀."

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mùríìdì wọ yàrá oògùn lọ fúnra rẹ̀, ó ń wá funfun. Kò sí.

"Lẹ́tà yín ni, Dókítà," Madame Fortunée wí. "Mo ṣì ní in níbí."

"Mo mọ ohun tí mo kọ! Níbo ni mo ti lè rí i báyìí báyìí?"

Nọ́ọ̀sì náà ká lẹ́tà náà padà. "Ẹ lọ bi Jẹ́láàní."

"Jẹ́láàní? Pupa ló wo Jẹ́láàní sàn!"

"Ẹ ṣáà lọ bi í."

Jẹ́láàní jókòó lábẹ́ kàlẹ́ńdà ara rẹ̀, ó ń fi ọṣẹ ilé ìwòsàn fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Inú rẹ̀ dùn láti rí dókítà rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó wá fún, ó wọlé, ó gbé agolo mílíìkì kan jáde. Oògùn funfun kún un dé ìdajì.

"Láti ìgbà wo lo ti ń lo èyí?"

"Mi ò fi í sílẹ̀ rí, Dókítà. Obìnrin kan ń tà á ní Igolo. Gbogbo wa la ń rà á lọ́dọ̀ ẹ̀."

"Gbogbo yín wo?"

"Àwa ogójì. Fàúzíyàtù ti Lagbé ló kọ́kọ́ tọ́ pupa yẹn wò, ọjọ́ kan péré: ó sùn sóko lásìkò ìkórè títí ewúrẹ́ fi jẹ àgbàdo ẹ̀ tán. Ó bá kìlọ̀ fún wa. A dà á sí ṣáláńgá."

"Àmọ́ ẹ dá ike padà!"

"Ẹ ní ká mú ike wá, Dókítà. Ẹ ò ní ká mú ikùn wá."

Mùríìdì fẹ́ jókòó, kò rí àga. "Àwọn mẹ́fà tí ara wọn ò yá ńkọ́?"

"Áà, àwọn yẹn. Wọn ò rówó ra funfun mọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Inú yín dùn ni, Dókítà. Ta ló fẹ́ bà á jẹ́? Ọṣẹ náà sì ń hó dáadáa."

Ó ka ogún oògùn sínú bébà, ó dì í, ó fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mùríìdì dúró lójú kan, ó ń wo ara rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà lára ògiri.

Ní gbogbo ilẹ̀ Ifangni, èèyàn kan ṣoṣo ló gbé oògùn pupa náà mì lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwádìí.