Ẹni Méjì Ni Yóò Wọlé Tọ Akọ Ẹṣin

Ẹ̀rù ń ba obìnrin tó wá wá iṣẹ́ sí ilé ẹṣin, ẹ má jẹ́ ká purọ́ fúnra wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń tọ́jú ẹṣin níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí akọ ẹṣin tó wà ní yàrá ìkẹyìn fi ta á nípàá, tó dá eegun ìhà rẹ̀ mẹ́ta. Òun nìkan ló wà nínú yàrá náà. Àárọ̀ ló ṣubú. Wọ́n ní ọ̀sán gangan ni wọ́n tó gbọ́ igbe rẹ̀. Ní báyìí tí ẹ̀gbọ́n ò lè dìde lórí ibùsùn, àbúrò ló wá gba iṣẹ́, nítorí ẹnu tó ń jẹun nílé ò mọ̀ pé eegun ti ṣẹ́.

Ọ̀gá tó ni àwọn ẹṣin tẹ́ ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀ lórí tábìlì tí gàárì ti gba ìdajì rẹ̀. Wọ́n ti fẹnu kò lórí àkókò iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Ó ku gbólóhùn kan ṣoṣo: yóò máa wo gbogbo ẹṣin. Obìnrin náà bèèrè bóyá láti ẹnu ọ̀nà ni wíwò ọ̀hún. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ìwòran kọ́ lòun gbà á fún.

Ó rò ó wò. Bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kí òun máa lọ. Bí òun bá dákẹ́, ibùsùn kejì ni wọn yóò tẹ́ nílé. Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe tí olùtọ́jú ẹṣin nìkan lè ṣe. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì yọ sí ọ̀gá bí ẹni ń tọ ẹṣin lọ, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣìì, rọra, kò sóhun tó ń lé ẹ."

Ojú tì í, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èjìká ọ̀gá ti gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ti ẹṣin tí jìnnìjìnnì bá. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìkẹyìn."

Ọ̀gá ní kò sí òṣìṣẹ́ mìíràn. Ó wá mú bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì lọ fún akọ ẹṣin lómi.

Ẹṣin náà ká etí sẹ́yìn, ó ń fi pátákò họ ilẹ̀. Ọ̀gá fà sẹ́yìn. "Wọlé, àbúrò. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Obìnrin náà kò wọlé. Ó gbé garawa omi sílẹ̀. "Ìwé ò sọ pé lẹ́yìn, sà."

Ó ń retí kí wọ́n lé e. Ọ̀gá nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú, ibí yìí náà lòun dúró sí. Àárọ̀ lòun ti ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹsẹ̀ ò gbé òun wọlé.

Inú bí obìnrin náà débi tí ojú rẹ̀ ṣú, ẹ̀rù sì bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé garawa, ó fi ìdajì irin ìdìmú rẹ̀ lé ọ̀gá lọ́wọ́.

"Ẹ dì í mú níbí, sà. Ẹ̀ẹ̀kan náà la máa wọlé."